Dígí Pupa Inú Agolo Bisikíìtì

"Kí ẹnikẹ́ni má wọ pápá lọ́sẹ̀ yìí o, a máa dáná sun ún." Ìkìlọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ṣe fún Módíná ọmọ mi nìyẹn, ẹ̀rín ni òun sì fi ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Iṣẹ́ àwòrán ni ọmọ náà ń ṣe. Òkè, ọ̀dàn àti ẹran ìgbẹ́ ló ń yà, kò sì fẹ́ràn àwòrán aláwọ̀. Dúdú òun funfun ni tirẹ̀, bíi ti bàbá mi. Mo ní kó padà sílé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí iná bá ń bọ̀, ṣé mi ò ní rí èéfín ni? Ojú mi niṣẹ́ mi." Ó wá fi kún un pé òun ti ra dígí pupa kan tí òun máa yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, irú èyí tí bàbá àgbà fi ya ìyá àgbà nínú koríko. Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí mo fi jókòó sílẹ̀. Àwòrán yẹn wà lára ògiri pálọ̀ mi títí dòní. Ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, ó dúró láàárín koríko gbígbẹ, ojú ọ̀run mọ́ gaara, òkè sì yọ kedere. Ẹni tó bá wò ó á rò pé obìnrin kan ń nasẹ̀ jáde lásán ni. Kò sí bí ó ṣe lè rí i nínú rẹ̀ pé iná ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ohun tí mo fojú rí lọ́dún yẹn sílẹ̀, n kò sì ní fi ohunkóhun kún un.

Ní Ṣakí ni ilé wa wà, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohun tí n ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró omi láti inú búta Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ ìyá mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí ilẹ̀ yangí, àwọn ajá Bàbá Ọdẹ, ọdẹ tó ń gbé lójúlé kejì sí wa, yóò sì máa gbó ìyá mi bí ẹni tí wọn kò rí rí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbó o, ojoojúmọ́ ló sì ń dá wọn lóhùn pé, "Ó yá, ẹ wá gbá a fún mi." A ó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, tàbí kí Ìyá Àgbà fi epo àti ata yí wàsáwàsá, oúnjẹ èlùbọ́ tó ṣẹ́kù lánàá. Bí àwọn obìnrin Fúlàní bá kọjá, a ó ra wàrà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún ìkòkò bàbá mi, nítorí fíìmù ń mu omi bí ẹni tó gbààwẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu. Àwọn ará ìta ń pe bàbá mi ní Bàbá Onífọ́tò. Nínú ilé, Bàbá Síkírá ni, torí èmi Síkírátù ni àkọ́bí rẹ̀. Ìyàwó tuntun, ọmọ tuntun, àgbà tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, gbogbo wọn ló ń wá jókòó síwájú aṣọ tó ta sára ògiri. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo pápá yàtọ̀ sí èyí tó fi ń wo àwọn wọ̀nyẹn. Mo ti lọ́mọ báyìí, mo sì ti mọ ojú yẹn. Òun náà ni Módíná fi ń wò ó.

Agolo bisikíìtì kan wà tí bàbá mi fi ń kó àwọn dígí ojú kámẹ́rà rẹ̀ sí, òwú wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa ha ara wọn. Róbótó ni wọ́n, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí wọn ká, òun la fi ń yí wọn mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Ọ̀kan kò ní àwọ̀, nítorí eruku ló ṣe wà. Ọ̀kan dà bí ìyeyè, ọ̀kan bí ọsàn tó pọ́n, ọ̀kan bí ewé, ọ̀kan sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Fíìmù tí à ń lò kò mọ àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló mọ̀, dígí ló sì ń sọ fún un èyí tó yẹ kó mọ́lẹ̀ àti èyí tó yẹ kó ṣú. Bàbá mi ní, "Síkírá, dígí dà bí ẹbí. Ohun tó bá bá a tan, á gbé e mọ́lẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, á sọ ọ́ di dúdú." Ọ̀tá ni dígí pupa àti àwọ̀ aró. Nítorí náà, bí a bá fi dígí pupa ya ojú ọ̀run, ọ̀run á ṣú, ìkùukùu á sì yọ lára rẹ̀ bí òwú. Dígí pupa yìí kan náà ló ń gé kùrukùru ọyẹ́ kúrò, tí òkè tó jìnnà á fi dà bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín tí ara rẹ̀ pọ́n nínú koríko gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ bá dígí pupa pàdé, torí yóò mọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ koríko, kò ní sí ẹni tí yóò rí i. Dígí àwọ̀ ewé ni tirẹ̀, kí ara rẹ̀ lè ṣú díẹ̀. Dígí pupa sì ń jẹ ìmọ́lẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá fi ya ẹran tó ń sáré, òjìji lásán ni yóò gbé wálé. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó mọ ọbẹ̀ í sè. Bàbá mi ní àṣà kan: kó tó yan dígí, yóò gbé e sí ojú kan, yóò di ojú kejì, yóò sì wo ibi tó fẹ́ yà láti òkè délẹ̀. Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Á pe ọmọ rẹ̀ lóríkì, á ní, "Àlàó, Ọlọ́run fún ọ lójú méjì. O di ọ̀kan, o wá lọ fi ìkejì pa mọ́ sẹ́yìn ìgò."

Ti iná pápá, ọwọ́ àwọn ọdẹ ló wà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko tán, wọ́n á dáná sun apá kan kí ẹran lè sá jáde sí wọn. Wọn kì í dárúkọ ọjọ́. Wọ́n gbà pé ohun tí a bá sọ nílé, ẹran ń gbọ́ ọ nígbó, nítorí náà ìyàwó wọn pàápàá kì í mọ̀. Àmì ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ iná, wọ́n á ta okùn láàárín igi méjì lẹ́nu ọ̀nà pápá, wọ́n á sì so màrìwò tútù kọ́ ọ. Bí màrìwò bá tutù, padà sílé. Bí ó bá ti gbẹ, iná ìjọsí ni, máa lọ. Ọmọdé àdúgbò wa mọ èyí bí wọ́n ṣe mọ Fátíhà. Fún àwọn tó wà nílé, màjàlà ni oníròyìn, eérú dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá láti inú koríko tó ń jó. Bí ó bá bọ́ sínú abọ́ ẹ̀kọ ẹni, Ìyá Àgbà á ní, "Pápá kì í jó kí màjàlà má ṣòfófó," a ó sì mọ̀ pé àwọn ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin kan tó ń tẹ kàlẹ́ńdà n'Ìbàdàn ní kí bàbá mi ya òkè àti ẹran pápá wa fún òun. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ń rìn yíká ilé. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo ohun gbogbo débi pé dígí pupa pàápàá kò lè gé e, òkè kò yọ rárá, ọkùnrin náà sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ká. Bàbá mi bọ́ síta, ó rí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n gbé agolo wá. Ìyá mi ń sá ègbodò sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ó nà tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kíjìpá aláró tó fi ń ṣiṣẹ́.

"Bàbá Síkírá, ẹ bá Bàbá Ọdẹ sọ̀rọ̀ ná."

"Kí n sọ kí ni fún un? Ọkùnrin tí kì í sọ ọjọ́ fún ìyàwó ẹ̀."

"Ẹ kàn béèrè, kẹ́ ẹ máa wojú ẹ̀. Ẹnu ló ń purọ́."

"Ó ti jáde."

"Àwọn ajá ẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá mi yí ojú sí ilé Bàbá Ọdẹ. Ìgbà náà ni èmi náà rántí pé mo gbọ́ ìgbálẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ajá. Ó ní, "Bóyá wọ́n ti wá mọ̀ ẹ́ báyìí." Ó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ìyá mi ní, "Ẹ fọmọ sílẹ̀ fún mi, kẹ́ ẹ máa lọ." Ó ní, "Ta ló máa mú dígí fún mi? Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n nílé yìí bíi tiẹ̀." Ìyá Àgbà, tó jókòó sórí àpótí tó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Àlàó, ẹni tó ń wo àgbọ̀nrín lọ́ọ̀ọ́kán, kó má gbàgbé pé ilẹ̀ ló dúró lé." Ìyá mi di ẹ̀kọ àti wàrà dídín fún wa. Ó fà mí mọ́ra bí ẹni fẹ́ tún ìbòrí mi wé, ó sì sọ sí mi létí pé, "Bàbá ẹ á máa wo inú dígí. Ojú tìẹ ò ní nǹkan kan níwájú. Máa lò ó." N kò mọ̀ nígbà náà bí ó ti máa ń rí lára ìyá tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Mo sọ irú rẹ̀ fún Módíná lórí fóònù.

Ọ̀nà tó jáde sí apá Ogbooro la gbà, kí a tó yà sínú pápá. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà pápá, òkè yọ lọ́ọ̀ọ́kán, bàbá mi sì dúró. Ó ní, "Mú aláwọ̀ ọsàn wá." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí agolo, mo yọ ọ́ láti inú òwú, mo fún un. Ó gbé e sójú, ó di ojú kejì, ó ń wo òkè, ó ń wo igi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Èmi ń to àwọn yòókù padà nígbà tó sọ pé, "Màrìwò rèé." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ti gbẹ. Ti ìjọsí ni." Ó tẹ̀ ba gba abẹ́ okùn náà kọjá, ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́yìn dígí. Mo tẹ̀lé e, ojú mi wà lára agolo, n kò gbé e sókè wo màrìwò náà. Ọmọ kì í yẹ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wò lẹ́yìn. Nígbà tí mo dàgbà, mo mú dígí náà, mo sì fi wo màrìwò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí ọ̀pẹ. Nínú rẹ̀, màrìwò tútù àti koríko tó ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Kò sí ẹ̀dá alààyè tí ó lè fi dígí yẹn lójú kó dá wọn mọ̀. Bàbá mi kò purọ́, ohun tó rí ló sọ.

Àpáta ńlá kan wà láàárín pápá náà, igi igbá kan wà ní ìdí rẹ̀. Odò kan tó ti gbẹ kọjá lápá ìwọ̀-oòrùn, yanrìn nìkan ló kù nínú rẹ̀. Abẹ́ igi igbá ni bàbá mi gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ dúró sí, ó gbé kámẹ́rà lé e, ó sì ti lẹ́ǹsì gígùn bọ ẹnu rẹ̀. Irú kámẹ́rà tí ó jẹ́ pé inú lẹ́ǹsì gan-an lèèyàn ti ń wòran ni, nítorí náà àwọ̀ tí dígí bá ní ni ayé yóò ní lójú ẹni tó ń yà á. Ó ní kí n gbé pupa wá. Ó yí i mọ́ ọn, ó wo òkè àti ojú ọ̀run, ó sì mí kanlẹ̀. "Síkírá, ó mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí i kó mọ́ báyìí rí." Ó ya àwòrán, ó tún yà. A wá jókòó de ẹran. Mo ti mú dígí àwọ̀ ewé dání, mo ń dúró kó bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bèèrè. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára kámẹ́rà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àríwá, koríko ń sọ̀rọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwòdì. Ọ̀kan wà lókè, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀, wọ́n ń yípo lójú kan.

"Bàbá, àwòdì pọ̀ lọ́hùn-ún."

"Jẹ́ kí wọ́n máa fò. Ẹran ilẹ̀ ni mò ń wá."

Mo wo abẹ́ àwọn àwòdì náà. Mo rí ohun kan níbẹ̀ tí kò nípọn, tó fara jọ aṣọ aró tó ti ṣí, ó nà gbọọrọ lórí koríko. Mo ní, "Bàbá, ó dà bíi pé èéfín wà níbẹ̀." Ó yí kámẹ́rà síbẹ̀, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó sì ní, "Kò sí nǹkan kan. Ojú ọ̀run mọ́ gaara." Òótọ́ ló tún sọ. Èéfín koríko gbígbẹ kí ó tó nípọn, àwọ̀ aró ló ní, dígí pupa sì ti gé e kúrò bí ó ṣe ń gé kùrukùru. Ojú mi kan náà tún wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti gùn sí i. Mo ń ronú bí ọmọ ṣe lè sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kò ríran, nígbà náà ni àgbọ̀nrín kan jáde. Kò yọ́ rìn. Eré ló ń sá, ó sì kọjá lára wa tímọ́tímọ́ bí ẹni pé igi ni wá. Bàbá mi ń tẹ kámẹ́rà, ó ń yin Ọlọ́run pé "Àlùàmúdù, Àlùàmúdù". Ọ̀yà méjì tẹ̀ lé e, wọ́n gba ààrin ẹsẹ̀ kámẹ́rà kọjá. Kò sí ẹran tí kì í bẹ̀rù èèyàn àfi èyí tó ń bẹ̀rù ohun tó ju èèyàn lọ. Ohun dúdú fẹ́lẹ́ kan bà lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo na ọwọ́ náà síwájú lẹ́ǹsì kó lè rí i.

"Bàbá, màjàlà."

Ó gbé ojú kúrò. N kò lè gbàgbé ojú náà. Ó wo àríwá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé, ó sì rí ohun tí mo ti ń rí láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti di ògiri báyìí, a sì ti ń gbọ́ ìró rẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń ya aṣọ. Ó yọ kámẹ́rà lórí igi, ó yí dígí pupa kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó jù ú sínú agolo mi bí ẹni ju ejò nù. Ó tì mí síwájú, a sì gun àpáta náà títí a fi dé orí rẹ̀ níbi tí koríko kankan kò sí. Iná kì í jẹ òkúta. A jókòó sáàárín, ó fi agbádá bò mí. Iná ń bọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì àpáta, ó fẹ́ gbà wá kọjá, ooru rẹ̀ ń mú ojú mi rọ. Bàbá mi ń ka Áyátúl Kúrúsì. Mo rò pé ewu ti tán, pé a ti yè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ orúkọ mi láti apá gúúsù, láti ọ̀nà ilé. "Síkírá! Síkírá o!"

Ohùn ìyá mi ni. Ìgbà tó yá ni a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé: màjàlà ń bọ́ sórí ègbodò tó sá, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà pápá, ó rí màrìwò, tútù ni. Ó mọ ohun tó wà níwájú, ó sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín láti orí wa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. A ń gbọ́ ọ, a kò rí i. Bàbá mi dìde, ó ń wo ìhín, ó ń wo ọ̀hún, aṣọ aró nínú èéfín aró, ibo lèèyàn yóò ti rí i. Bí a bá pè é, ọ̀dọ̀ wa ni yóò máa bọ̀, iná sì wà láàárín. Odò yanrìn yẹn nìkan ni kò lè jó, ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ibi tó wà, a kò lè sọ ọwọ́ tí yóò yà sí. Mo rí i tí bàbá mi mú kámẹ́rà, tó gbé e sójú pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ padà. "Mi ò rí i, Síkírá. Mi ò rí i." Ìgbà yẹn ni mo ṣí agolo. N kò lè sọ pé mo ronú. Ohun tó wà létí mi ni ohun tó ti kọ́ mi, pé ohun tó bá jẹ́ ọ̀tá dígí, yóò sọ ọ́ di dúdú. Ìyeyè wà níbẹ̀, aláwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀. Pupa ni mo mú lé e lọ́wọ́.

Ó wò mí, ó wo dígí náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ojú irin rẹ̀ kò bọ́ sí ojú ara wọn, èmi ni mo bá a yí i wọlé. Ó gbé e sójú. Ó ní, "Áà." Ó tún ní, "Mo rí i. Dúdú ni. Ó dúró láàárín koríko. Yanrìn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Pariwo sí i, ohùn tèmi kò lè débẹ̀." Mo fẹ́ pariwo pé ọ̀tún, mo wá rántí pé ọ̀dọ̀ wa ni òun kọjú sí. Ọ̀tún wa ni òsì tirẹ̀. Mo ké pé, "Ìyá mi, ọwọ́ òsì yín! Ibi yanrìn! Ẹ má bọ̀ níbí!" Bàbá mi ń sọ lábẹ́ ohùn pé, "Kò gbọ́. Ó dúró. Tún un sọ. Ó yí orí. Ó ti ń lọ. Ó ṣubú. Ó ti dìde. Ó kù díẹ̀." Èmi kò rí nǹkan kan nínú èéfín yẹn. Etí ni mo fi wo ìyá mi títí tó fi ní, "Ó ti wọ yanrìn," tí ògiri náà sì gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ dúdú tutù tó láti tẹ̀, bàbá mi pọ̀n mí, ó sì rin orí eérú lọ bá a. Ó dùbúlẹ̀ sínú yanrìn, ó ti fi ọwọ́ gbẹ́ kòtò díẹ̀ ó sì ti fi ojú bọ inú rẹ̀. Etí kíjìpá rẹ̀ ti jó, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣí. Ó gbé orí sókè, ó fọwọ́ kàn mí lójú, létí, lápá, lẹ́sẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Lẹ́yìn náà ló wo bàbá mi. "Ṣé ẹ rí àgbọ̀nrín yín?" Bàbá mi jókòó sínú yanrìn, ó sì sunkún, èmi kò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bàbá Ọdẹ àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló gbé ìyá mi délé, àwọn ajá ń tẹ̀ lé wọn, kò sí ọ̀kan tó gbó o. Ìyá Àgbà fi òrí àti oyin tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Kò bú ọmọ rẹ̀. Ó kàn sọ pé, "Ojú tí a kò fi nǹkan kan bò, òun ló ń kọ́kọ́ ríran," ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Bàbá mi fọ fíìmù náà nítorí kàlẹ́ńdà. Àgbọ̀nrín kò jáde dáadáa, ó mọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ koríko bí ó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá fi dígí pupa yà á. Èyí tó kẹ́yìn nínú fíìmù náà ni ìyá mi. Ó dúró láàárín koríko funfun, dúdú bí àmì tí a fi yíńkì ṣe, kò sí èéfín kankan nínú rẹ̀, òkè gúúsù yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní òun kò mọ̀ pé òun tẹ kámẹ́rà, pé ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Ìyá mi yẹ ẹ́ wò lójú oòrùn títí. Ó ní, "Ó gbọ̀n dáadáa. Àwòrán náà mọ́." Ó fi sí férémù, ó sì gbé e kọ́ pálọ̀. Kò gbà kó ta á fún oníkàlẹ́ńdà. Ó ní kí bàbá mi máa rí i bó bá ti ń jáde. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ń lọ sí pápá lẹ́yìn ìyẹn, á fi ojú méjèèjì wo ẹnu ọ̀nà, á fọwọ́ kan màrìwò bí ó bá wà, á sì fi imú gbóòórùn afẹ́fẹ́ kó tó ṣí agolo. Kò ju dígí pupa náà nù. Dígí tó fi iná pa mọ́ fún un náà ló fi aya rẹ̀ hàn án, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Agolo náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Àwòrán yẹn ni Módíná fi dàgbà. Ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀ nínú koríko, ojú ọ̀run sì mọ́ gaara, ó wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni pápá ṣe rí. Kò mọ̀ pé ohun tí a kò rí nínú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tí a rí. Mo ti pè é láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ kò lọ. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì kì í dé inú pápá. Bóyá ó ti padà sílé, ó kàn ń sùn ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe kò le. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń gbé kámẹ́rà wọ pápá lásìkò ọyẹ́, ẹ ka èyí fún un. Kí ó yan dígí tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lójú, kí ó fi ojú lásán wo ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ Módíná lẹ rí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í bọ́ àpò kámẹ́rà lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó pe ìyá rẹ̀.